Èrò Tí Kò Sọ̀kalẹ̀

Rafiou fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí ní gbangba, lójú gbogbo ilé, ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ ní Manigri. Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹta ọdún 2023. Kí ó tó di ọjọ́ náà, nínú ilé, òun àti Salamatou ìyàwó rẹ̀ àti Oumou tó bí bàbá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, nìkan ló mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni a ṣe tò ó síbí, pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Níbi tí ẹnu wọn kò ti kò, ti Rafiou ni a tẹ̀ lé.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń ta alùpùpù àlòkù, yóò gùn ún kí ẹni tó fẹ́ rà á rí i. Yóò tan án, yóò fi yí ojúlé po, yóò jẹ́ kí onítọ̀hún gbọ́ bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ń dún. Kamarou kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló fi tì í jáde láti inú yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Bassila, ó ń tì í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó gbé ẹyin lérí. Nígbà tó gbé e dúró tán, ó sún sẹ́yìn, kò fi ọwọ́ kan ìjókòó rẹ̀.

Alùpùpù pupa ni, ó ti pẹ́ nínú yàrá náà. Eruku bo ọwọ́ rẹ̀, ó bo iná iwájú, ó bo ibi tí ẹni tó ń gùn ún ń jókòó sí. Ẹ̀yìn ìjókòó nìkan, níbi tí èrò ń jókòó sí, ni kò ní eruku. Awọ ibẹ̀ ń dán bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀ ni.

“Ṣé ẹ máa ń nù ún ni?” Rafiou bi í.

“Rárá,” Kamarou dá a lóhùn.

Inú Rafiou ti dùn ju kó máa wádìí eruku lọ. Ní ọdún tó ṣáájú, ìrọbí mú Salamatou ní ọjọ́ tí gbogbo ohun ìrìn ti ré kọjá lọ sọ́jà. Kí wọ́n tó rí ẹni tí yóò gbé wọn dé ilé ìwòsàn ní Bassila, ọmọ náà ti bọ́ sílẹ̀, kò sì ké. Láti ọjọ́ náà ni Rafiou ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí Ọlọ́run bá tún fún àwọn ní oyún, ohun ìrìn tòun ni òun yóò fi gbé e. Iṣu ọdún yìí ta. Salamatou ti wọ oṣù kẹjọ. Ó gba kọ́kọ́rọ́ náà bí ẹni gba ẹ̀mí ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta á.

Kamarou ń wo ẹ̀yìn ìjókòó náà. “Ẹ máa lọ o,” ó ní. “Ẹ rọra o.”

Rafiou rẹ́rìn-ín sínú. Kamarou jù ú lọ dáadáa, kò yẹ kó fi ‘ẹ’ bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ará Bassila ni, Anii ni èdè ìyá rẹ̀, ọjà ló ti kọ́ tiwa. Àwọn tó kọ́ èdè wa lọ́jà kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ń sọ ‘o’ àti ibi tí wọ́n ti ń sọ ‘ẹ’. Ó ka gbogbo rẹ̀ sí àṣìsọ, ó sì gbéra.

Ó ti máa ń gun ti ọ̀rẹ́ lọ oko, ṣùgbọ́n gígun ti ọ̀rẹ́ kì í ṣe níní tẹni. Nítorí náà ló ṣe gbé e lọ sọ́dọ̀ Amidou, tó ń tún alùpùpù ṣe lábẹ́ igi emi tó ń so òrí létí títì ní Manigri. Amidou kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ̀pá òróró wò ní òwúrọ̀ kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, bí wọ́n ṣe ń yọ bùjí tó ń tanná fún un, tí wọ́n ń ha èédú ẹnu rẹ̀ kúrò, bí wọ́n ṣe ń fi ìka gbọn ẹ̀wọ̀n wò bóyá ó ti dẹ̀ jù.

“Fetí sí mi,” Amidou ní. “Alùpùpù àlòkù, bí opó ló rí. Ó ti gbé ilé kan kó tó wá bá ọ. Bí o bá fi agídí kọ́ ọ, yóò fi ti ọkọ àkọ́kọ́ hàn ọ́.”

Àwọn tó jókòó lábẹ́ igi náà bú sẹ́rìn-ín. Rafiou náà rẹ́rìn-ín. Amidou ti bẹ̀rẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ̀rín rẹ̀ sì dá.

“Ta lò ń gbé kiri?”

“Èmi nìkan ni.”

“Má purọ́ fún mi. Wo rọ́bà ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yìí. Ìjọ́sí la pààrọ̀ rẹ̀, ó ti ń jẹ láàárín. Wo irin kíká tó ń gba agbára kòtò, ó ti wọlé sínú ara rẹ̀.” Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìjókòó náà mọ́lẹ̀, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Kò fò sókè. Ó pààrọ̀ irin méjèèjì, ó fi tuntun síbẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ ti alùpùpù náà, ó ń wò wọ́n. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Irin tuntun náà rọra lọ sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí obìnrin tó rẹ̀ bá ń fi ìdí lé àpótí.

Amidou nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. “Bóyá irin yẹn ni kò dára,” ó ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Àpọ́nlé ló kọ́kọ́ di ojú Rafiou. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ gun alùpùpù náà wọlé, Ìyá Àgbà wà lórí àpótí rẹ̀ nídìí ògiri, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ojú rẹ̀ ti bàjẹ́. Òjìji èèyàn nìkan ló ń rí, àti ìmọ́lẹ̀. Ó gbé orí sókè.

“Ẹ kú àbọ̀ o,” ó ní.

Zouléha, àbúrò Rafiou, pàtẹ́wọ́. “Háà! Ẹ wá gbọ́ o! Ìyá Àgbà ń fi ‘ẹ’ kí Rafiou! Ọ̀gá ti dé, ẹ gbé ìtìsẹ̀ wá!”

“Ẹ jẹ́ kó gbádùn ara rẹ̀,” Salamatou dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. Ẹgbẹ́ ni òun àti ọkọ rẹ̀ láti kékeré, ‘o’ ló ń sọ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbà kò fẹ́ràn rẹ̀. “Lọ́dọ̀ tèmi, ‘o’ ni o, kódà bí o bá ra ọkọ̀ òfurufú.”

Rafiou na àyà. Ọjọ́ kejì, bó ṣe ń kọjá níwájú mọ́ṣáláṣí, Alàájì Habibullah tó ti darúgbó gbé ọwọ́ sókè: “Ẹ kú ìrìn o.” Ní oko, ìyá arúgbó kan tó ń ṣa kajú sínú garawa nà róró, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o,” ojú rẹ̀ sì kọjá èjìká Rafiou. Rafiou ń jẹ́ wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó rò pé bí ayé ṣe ń yẹ́ ẹni tó ní ẹsẹ̀ méjì irin sí nìyẹn.

Ohun tí kò lè fi àpọ́nlé túmọ̀ ni ẹ̀wù rẹ̀. Ọyẹ́ kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tán, afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé ètè ń là. Síbẹ̀, nígbàkúùgbà tó bá sọ̀kalẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ tutù ní ojú kan ṣoṣo, láàárín egungun èjìká méjèèjì. Kò ju ibi tí àtẹ́lẹwọ́ lè bò lọ. Zouléha tó ń fọ aṣọ fi imú kàn án, ó ní òórùn òrí ló ń rùn, òrí tí wọ́n fi pa ẹni tí ibà ń ṣe.

Lẹ́yìn náà ni Salamatou gùn ún, láti lọ sí ìpéjọ àwọn aláboyún. Wọn kò tíì dé títì tó fi kan ọkọ rẹ̀ léjìká.

“Sún síwájú díẹ̀.”

“Mo ti wà lórí táǹkì.”

“Sún, mo ní. Ẹ̀yìn rẹ ń fún ikùn mi.”

Rafiou fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ara rẹ̀. Àyè tó wà láàárín àwọn méjèèjì gba ẹni kan. Ó dúró. Salamatou ti sọ̀kalẹ̀ kó tó pa ẹ̀rọ náà, ó sì dúró sínú koríko gbígbẹ, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú.

“Nǹkan kan mí sí mi lójú,” ó ní. “Ó gbóná. N kò ní gun nǹkan yìí mọ́, Rafiou. Tà á.”

Ẹsẹ̀ ló fi rìn padà sílé. Rafiou ń ti alùpùpù bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ ju bó ṣe yẹ kó wúwo lọ.

Nígbà tó dé abẹ́ igi máńgòrò inú àgbàlá, Ìyá Àgbà tún kí i: “Ẹ kú àbọ̀.” Rafiou fẹ́ fi àwàdà lé ìbẹ̀rù jáde lára rẹ̀. Ó lọ kúnlẹ̀ tì í.

“Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, àpọ́nlé yìí ti tó. Ẹ máa kí mi bíi tàtẹ̀yìnwá.”

“Àpọ́nlé wo?”

“Ẹ ń fi ‘ẹ’ kí mi láti ìgbà tí mo ti ra alùpùpù.”

“Èmi?” Ìyá arúgbó náà dá ẹ̀gúsí dúró. “Èmi tí mo fi ọwọ́ yìí nu ikun imú rẹ, kí n wá máa fi ‘ẹ’ kí ọ nítorí irin?” Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ̀yin méjèèjì ni mo ń kí.”

“Èmi àti ta?”

“Obìnrin tí ò ń gbé bọ̀. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n Salamatou ni, tó wá dúró tì í di ìgbà ìbímọ. Mo ti ń bínú sí i díẹ̀, torí kì í jẹ́ mi lóhùn. Kì í sì í sọ̀kalẹ̀.”

“Kì í sọ̀kalẹ̀ báwo?”

“Ìwọ á sọ̀kalẹ̀, wàá wọlé. Òun á jókòó síbẹ̀, á tẹ orí ba, bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Kódà ó wà níbẹ̀ báyìí.”

Rafiou yí ojú padà. Alùpùpù náà dúró lábẹ́ máńgòrò, kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ewé kan já láti òkè, ó ń yí bọ̀ nílẹ̀. Kò balẹ̀ sórí awọ ìjókòó náà. Ó dúró lókè rẹ̀ díẹ̀, ní afẹ́fẹ́, bí ewé tó bọ́ sórí itan ẹnì kan. Ó pẹ́ níbẹ̀ tó kí èèyàn lè mọ̀ pé kì í ṣe ojú ló ń tan òun. Lẹ́yìn náà ló yọ̀, ó bọ́ sílẹ̀.

Kò gùn ún nígbà tó ń padà lọ sí Bassila. Ó wọ ọkọ̀ láti etí títì. Kamarou ń ṣe àlùwàlá ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, bùtá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe rí i pé ẹsẹ̀ ló fi rìn wọlé, ó gbé bùtá náà kalẹ̀.

“Kí ni orúkọ rẹ̀?” Rafiou bi í.

Kamarou kò bi í pé ta ni. Ó wo ojú ọ̀nà sí òsì, ó wò ó sí ọ̀tún. “Jókòó,” ó ní. “Má sọ̀rọ̀ sókè.”

Ganiyatou ni orúkọ rẹ̀. Ìyàwó Kamarou ni. Oko kajú wọn wà láàárín Manigri àti Bassila, ibẹ̀ ni ibà ti gbé e dè. Kamarou fi òrí pa á lára, ó gbé e sẹ́yìn alùpùpù, ó sì fi ìborùn dè é mọ́ ara rẹ̀ kó má baà ṣubú. Ganiyatou gbé iwájú orí lé e lẹ́yìn.

“Ó ń bi mí pé, ‘Ṣé a ti dé?’ Èmi náà ń sọ pé, ‘Ó kù díẹ̀.’ Ó bi mí, ó bi mí. Nígbà tí a kọjá afárá, kò bi mí mọ́. Mo rò pé oorun ló gbé e lọ.” Kamarou nu ojú rẹ̀ tó ti tutù tẹ́lẹ̀. “Nígbà tí mo mọ̀, ẹ̀rù bà mí. Mo tú ìborùn náà, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ igi kajú kan, mo sì sáré lọ pe èèyàn. Ọkọ̀ ni wọ́n fi gbé e wálé. A kírun sí i lára, a sin ín bó ti yẹ. Ṣùgbọ́n èmi tí mo gbé e, n kò sọ fún un pé a ti dé.”

Rafiou mọ ohun tó ń sọ. Kò sí ọmọ ìlú wa tí kò mọ̀ ọ́n. Bí èrò bá kú mọ́ ọ lẹ́yìn, ìbáà ṣe orí kẹ̀kẹ́, ìbáà ṣe orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ayé àtijọ́, ìwọ tó gbé e ni wàá dá a lóhùn. Wàá pe orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, wàá ní a ti dé, wàá ní kó sọ̀kalẹ̀. Bí o kò bá sọ ọ́, ìrìn náà kò tán.

“Ẹ wá sọ ọ́ fún un.”

“N kò lè ṣe é. Mo ti tà á.”

“Alùpùpù lẹ tà,” Rafiou ní. “Ẹ kò ta ìyàwó yín.”

Kamarou gbé bùtá rẹ̀, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Láti inú, ohùn rẹ̀ jáde: “Má gbé e wá síbí. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́.”

Ìyá Àgbà ni Rafiou rò ó fún. Ìyá arúgbó náà gbé ẹ̀gúsí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Ẹni tí ọwọ́ alùpùpù wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè sọ ọ́. Gbé e dé ẹnu ọ̀nà ọkọ rẹ̀. Pe orúkọ rẹ̀, sọ pé a ti dé, sọ pé sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ ẹnu rẹ. Má sọ pé ‘ẹ sọ̀kalẹ̀’.”

“Ìyá Àgbà, ó tó ẹ̀gbọ́n mi. Báwo ni n ó ṣe sọ ‘o’ fún un?”

“Ẹ̀kọ́ ilé tí a kọ́ ọ nìyẹn, òun náà sì ni yóò pa ọ́ lára. ‘Ẹ’ kì í ṣe ẹyọ ẹni kan. Bí o bá sọ ‘ẹ’ fún òkú, gbogbo ẹ̀mí tó wà lórí ìjókòó náà lo pè.”

Wọ́n fi àdéhùn sí ọjọ́ Jímọ̀, kí Rafiou dá nìkan lọ. Ìrọbí kò dúró di ọjọ́ Jímọ̀. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló mú Salamatou, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Zouléha sáré lọ sí etí títì, ó sáré bọ̀. Àwọn ọkọ̀ ti lọ sọ́jà, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò ti kó kajú lọ síbi ìwọ̀n. Bó ti rí ní ọdún tó ṣáájú gan-an ló tún rí.

Salamatou jáde, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó wo alùpùpù náà, ó wo ọkọ rẹ̀.

“Gbé mi.”

“Salamatou, o mọ ohun tó wà lórí rẹ̀.”

“N kò ní bí ọmọ sínú ilé yìí kí n tún sin ín. Gbé mi, kí òun náà sún.” Ó rìn dé ibẹ̀, ó tẹrí ba níwájú ìjókòó tó ṣófo náà. “Ìyá,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún fún mi.”

Irin ẹ̀yìn alùpùpù náà dún kíín. Awọ ìjókòó náà tẹ̀ wọlé níbi tó jìnnà sí iwájú jù, ó sì fò sókè níbi àárín. Àyè ti ṣí sílẹ̀.

Salamatou jókòó. Rafiou gbéra. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ fa èémí sínú, tí kò sì tú u jáde.

“Kí ló dé?”

“Ọwọ́ méjì ló gbá ikùn mi mú láti ẹ̀yìn,” ó ní jẹ́ẹ́jẹ́. “Wọ́n tutù. Má dúró. Má dúró, Rafiou.”

Kò dúró. Oko kajú ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, èso pupa ń rà nílẹ̀, òórùn rẹ̀ dùn, ó kan. Alùpùpù náà ń gòkè bí ẹni gbé àpò iṣu. Ohùn kan bi í létí, ohùn tó ti rẹ̀:

“Ṣé a ti dé?”

“Ó kù díẹ̀,” Rafiou ní.

Wọ́n tún rìn síwájú.

“Ṣé a ti dé?”

“Ó kù díẹ̀, Salamatou. Fara dà á.”

“Ta lò ń dá lóhùn?” Salamatou ní. “N kò sọ̀rọ̀.”

Wọ́n kọjá afárá. Ohùn náà dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ sì burú ju ìbéèrè lọ.

Ní Bassila, ọ̀nà pín sí méjì. Iwájú ni ilé ìwòsàn. Òsì ni àdúgbò Kamarou. Gbogbo ara Rafiou fẹ́ lọ síwájú. Ṣùgbọ́n bó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, tó ní kí ìyàwó òun sọ̀kalẹ̀, òkú tó ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn náà yóò gbọ́. Yóò bá aláboyún wọ yàrá ìbímọ. Ó yà sí òsì. Salamatou rí i, ó di ẹ̀wù rẹ̀ mú le sí i.

Kamarou wà níta. Ó rí wọn, bùtá sì dúró lọ́wọ́ rẹ̀ ní agbedeméjì, omi ń dà sílẹ̀.

“Rárá,” ó ní. “Rafiou, rárá.”

Rafiou pa ẹ̀rọ. Ó la ẹnu. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́, gbogbo ìdọ̀bálẹ̀, gbogbo ‘ẹ kú’, wọ́n pé jọ sórí ahọ́n rẹ̀.

“Ìyá, a ti dé. Ẹ—”

Ẹsẹ̀ òsì Salamatou yọ̀ kúrò lórí irin ìtẹ̀sẹ̀.

“Kì í ṣe èmi,” ó ní. Ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé. “Rafiou, ẹsẹ̀ mi ń lọ. Ọmọ náà ń lọ. Kì í ṣe èmi.”

Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wá ilẹ̀. Rafiou gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi kún ẹnu rẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ bí ìgbà tí bàbá bá ń pe ọmọ rẹ̀:

“Ganiyatou! A ti dé. Ìwọ Ganiyatou, sọ̀kalẹ̀.”

Ìdí alùpùpù náà gbéra sókè gan-an, tó fi jẹ́ pé Salamatou fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sí iwájú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sórí irin. Eruku kékeré méjì fò nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan, lẹ́yìn náà èkejì. Lẹ́nu ọ̀nà, Kamarou rọra fi ẹ̀yìn ti férémù ilẹ̀kùn, ó fa ikùn sínú, bí a ti máa ń ṣe láti yà fún ẹni tó fẹ́ wọlé.

Rafiou kò dúró wo ìyókù, ilé ìwòsàn ló gbé Salamatou lọ. Ọmọkùnrin ni Salamatou bí kí oòrùn tó dé àtàrí, ó sì ké. Ọkọ̀ ni wọ́n fi kó wọn padà sí Manigri. Alùpùpù náà wà ní Bassila, nílé Moufidatou, ìbátan wọn. Rafiou kò ní ìgboyà láti lọ mú un.

Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, nígbà tí àlùfáà ti sọ ọmọ náà ní Abdulfatah, Kamarou fi ẹsẹ̀ rìn wọ àgbàlá. Ó ti gbẹ bí ewé oṣù ọyẹ́. Ìyá Àgbà gbé orí sókè.

“Ẹ kú àbọ̀ o. Zouléha, gbé àga fún àwọn àlejò.”

Zouléha gbé àga kan wá.

“Méjì ni,” Ìyá Àgbà ní.

Salamatou fi ìró bo ọmọ rẹ̀ lórí. Ibẹ̀ ni Rafiou ti dìde, tó sì sọ gbogbo ohun tí a kọ síbí yìí, Kamarou sì ń mi orí, kò já a nírọ́ níbì kankan.

“Ó wà nílé,” Kamarou ní. “Ó ń bi mí lójoojúmọ́ pé ṣé a ti dé. Mo sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún ń bi mí.”

“Nítorí pé ilé rẹ kì í ṣe ilé rẹ̀ mọ́,” Ìyá Àgbà dá a lóhùn. “Ilé rẹ̀ ni ibi tí ẹ sin ín sí. Wọ́n gbé ara rẹ̀ débẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì mú òun dání. Ọmọ mi ràn ọ́ lọ́wọ́ débi tó lè dé. Ìyókù, ìwọ ọkọ rẹ̀ ni yóò rìn ín.”

Kamarou rìn ín ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Rafiou tẹ̀ lé e lókèèrè. Láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí dé ibi ìsìnkú, ọwọ́ ọ̀tún Kamarou kò fara kan ara rẹ̀. Ó yọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ìka rẹ̀ ká wọlé, ó sì ń rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń mú aláìsàn dání. Àwọn tó pàdé rẹ̀ lọ́nà ń yà fún un, wọn kò sì lè sọ ìdí tí wọ́n fi yà tó bẹ́ẹ̀. Nídìí sàréè, ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí Rafiou kò gbọ́. Nígbà tó nà ró, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Rafiou lọ sílé Moufidatou. Ó yọ ọ̀pá òróró wò, ó gbọn ẹ̀wọ̀n, ó tẹ ìjókòó ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Ó fò sókè. Eruku tínrín ti bò ó láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò fo ibì kankan. Ó gùn ún dé Manigri, kò sí ohùn kankan létí rẹ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ. Síbẹ̀, nígbà tó dúró lábẹ́ igi máńgòrò, kò lè sọ̀kalẹ̀. Ìyá Àgbà ti gbé orí sókè láti orí àpótí rẹ̀, ojú rẹ̀ tó ti bàjẹ́ ń wá òjìji tó wà níwájú rẹ̀, ó sì wò ó pẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta ọdún 2023.

“Rafiou,” ó ní, “o kú àbọ̀.”